Akẹ́kọ̀ọ́ SS2 ni mí: báwo la ṣe máa ṣe ìpolongo ààbò lórí ọ̀kadà àti mọ́tò nílé ìwé wa?

Ọmọ_Mọ́níyà

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí màá béèrè nǹkan níbí, ẹ má bínú tó bá gùn.

Ọ̀nà Mọ́níyà nílé ìwé wa wà, n'Ìbàdàn. Ní táàmù tó kọjá, èmi, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó, àti ọmọ SS1 kan wọ ọ̀kadà kan ṣoṣo nígbà tí a jáde ilé ìwé. ₦200 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹnì kan dé Òjóò. A ní àwa mẹ́ta máa san ₦400, ọlọ́kadà gbà. Ọmọ SS1 yẹn ló wà níwájú, èmi láàárín, ọ̀rẹ́ mi lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú báàgì ìwé lẹ́yìn ẹ̀. Bí a ṣe dé ibi tí títì ti dán, fóònù ọlọ́kadà dún. Ó kì í bọ abẹ́ fìlà, ó ń bá ẹnì kan jiyàn nípa owó búlọ́ọ̀kù, ọrùn ẹ̀ tẹ̀ sápá òsì, kò sì dẹwọ́ eré. Mo ń wò ó. N ò sọ nǹkan kan. Àwọn méjì tó kù náà ò sọ nǹkan kan. Ó ṣàdédé rí kòtò kan, ó yà fún un, kí n tó wẹ̀yìn, ọ̀rẹ́ mi ti wà nílẹ̀.

Apá ọ̀tún ló fi gúnlẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to eegun ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ kí wọ́n tó wá gbé e lọ sí ọsibítù. Ọwọ́ òsì ló fi kọ ìdánwò. Tèmi, orúnkún mi ló kàn bó.

Kì í ṣe pé a ò mọ̀ pé kò dáa. A mọ̀. Wọ́n ti kọ́ wa ní Civic, a tiẹ̀ ti fi yege ìdánwò. Ẹnu ló wúwo.

VP wa gbọ́, ó ní kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wa ṣe ìpolongo, kí tíṣà kankan má dá sí i. Ó fún wa ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní asẹ́ńbìlì gbogbo Wẹ́sídeè, àti ara ògiri kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ láàbù tí a lè kọ nǹkan sí. Kò fún wa lówó. Àwa méje la wà níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, èmi ni mo sọ̀rọ̀. Mo sọ fún wọn pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 1.19 mílíọ̀nù èèyàn ni jàǹbá ọkọ̀ ń pa lọ́dún kan, àti pé nínú gbogbo ohun tó ń pa àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 5 sí 29, òun ló ṣíwájú. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Nígbà tí aago méjì lù, mo dúró lẹ́nu géètì. Ọmọkùnrin tó pàtẹ́wọ́ jù, òun ni ẹnì kẹta lórí ọ̀kadà. Ó tún juwọ́ sí mi.

A ti dá ₦18,500 jọ láàárín ara wa. Àwọn kan ní ká fi tẹ T-shirt, àwọn kan ní ká ṣe bánà. Kí lẹ rò pé ó yẹ ká fi ṣe? Báwo la ṣe máa ń pe àwọn Ródù Séfútì wá sílé ìwé? Èyí tó tún ká mi lára jù ni pé báwo ni ọmọ bíi tèmi ṣe máa sọ fún àgbàlagbà tó ń wakọ̀ pé kó rọra, tí kò fi ní rò pé mo rí òun fín?

Tíṣà_Ẹ̀gbá

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Ọlọ́run á wo ọ̀rẹ́ rẹ sàn.

Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ni l'Ábẹ́òkúta, èmi ni wọ́n sì fi ṣe alábòójútó ẹgbẹ́ Ródù Séfútì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbi tí mo wà. Gbogbo àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni mo ti ṣe tán, nítorí náà jẹ́ kí n yọ ọ́ nínú díẹ̀.

Ẹ má tẹ T-shirt. Ọdún tí a tẹ tiwa, mo rí ọmọ mẹ́ta lórí máṣìnì kan lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wọ̀ ọ́, "Ẹ̀mí kò láàrọ̀" wà lẹ́yìn wọn gàdàgbà. Èmi ni mo yan ọ̀rọ̀ náà.

Kíkà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni méjì-méjì, inú ọgbà ni kí wọ́n dúró, lẹ́yìn fẹ́ńsì, kì í ṣe etí títì rárá. Láàárọ̀ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, láti aago méje ku ogún ìṣẹ́jú títí tí agogo asẹ́ńbìlì á fi lù. Kí ẹnì kan máa wò, kí ẹnì kejì máa kọ. Ọ̀kadà tó dé: ọmọ mélòó ló wà lórí rẹ̀? Ta ló dé akoto? Takisí Micra tó dé: mélòó ló jókòó níwájú? (Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ìjókòó kan ni, bẹ́líìtì kan ni, èèyàn méjì lẹ ń tò sí i. Mo máa ń bi ara mi pé èwo nínú wọn ni bẹ́líìtì náà wà fún.) Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ má sì ya fọ́tò. A ya fọ́tò ọmọbìnrin kan lọ́dún àkọ́kọ́, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù. Ọmọ náà ò wá sílé ìwé fún ọjọ́ mẹ́ta, ìyá rẹ̀ sì bú mi dé ibi tó yẹ. Láti ìgbà náà, iye là ń kọ, a kì í kọ ènìyàn.

Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye yẹn sí ara ògiri yín, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Iye tó ń kú ní gbogbo ayé ò kan ọmọ SS1. Àmọ́ tó bá rí i pé láàárọ̀ àná, lẹ́nu géètì tirẹ̀, ọ̀kadà báyìí ló kó ọmọ mẹ́ta-mẹ́ta, á wá ara rẹ̀ nínú ìṣirò náà. Mo ti rí àwọn tó ń jiyàn níwájú ògiri pé "àwa kọ́, àwa méjì péré ni." Ìyẹn ni kí ẹ máa wá.

Ó ku ìbéèrè rẹ ìkẹyìn, èyí tó dáa jù. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ ọmọ Yorùbá láti sọ nínú mọ́tò: "Ó wà o!" Tó bá ti fẹ́ sọ̀kalẹ̀ nìyẹn. Yàtọ̀ sí i, kó jókòó jẹ́ẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá sọ fún un ní asẹ́ńbìlì pé "ẹ máa bá dẹ́rẹ́bà sọ̀rọ̀," ẹ kàn ń sọ fún ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ pé kó bọ́ sódò ni. Ẹnu gbọ́dọ̀ kọ́ ọ kó tó dọ́jọ́ náà. A to àga márùn-ún síwájú kíláàsì bíi Micra, ọmọkùnrin kan gbé àwo oúnjẹ, ó ń yí i bíi sítíárì, ó ń fi ẹnu ṣe ẹ́ńjìnnì. A ní kí olórí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa sọ fún un pé kó rọra. Ọmọ tó ń pariwo lé réfírì lórí! Ó la ẹnu, ó ní "Ẹ… ẹ̀gbọ́n… ẹ má…", ó bá ń rẹ́rìn-ín. Ojúgbà rẹ̀ ló sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àwo o. Mo ní kó tún un sọ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ìgbà karùn-ún ló tó jáde.

Àwọn ọmọ náà ló kó gbólóhùn jọ fúnra wọn. Èyí tó ṣiṣẹ́ jù ni: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rọra díẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí." Wo bó ṣe lọ. Ìkíni ló ṣíwájú. "Ẹ bá mi" yẹn, àánú lo ń tọrọ, o ò bá a wí. Ẹ̀rù ń bà ọ́, o ò sọ pé kò mọ ọkọ̀ wà. Ti fóònù: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró gbé e, a máa dúró dè yín." Mo ti rí ẹni tí wọ́n sọ èyí fún, tójú tì í, tó pa fóònù.

Ìkẹta, àwọn ọmọbìnrin ló mú un wá, èmi ò sí níbẹ̀: "Èébì ń gbé mi." Kò sí dẹ́rẹ́bà tó gbọ́ ọ tí kò ní dẹwọ́ eré, nítorí ìjókòó rẹ̀. Pásítọ̀ tó ń bójú tó ìsìn àárọ̀ wa ní irọ́ ni, kò yẹ kó wà lára ògiri ilé ìwé. Èmi ò fọwọ́ sí i. Èmi ò sì pa á rẹ́.

Ní ti àwọn Ródù Séfútì, ẹ kọ lẹ́tà, kí ọ̀gá ilé ìwé fọwọ́ sí i, kí ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì FRSC tó bá sún mọ́ yín jù. Kọ́bọ̀ ò jáde lápò wa nígbà tí a ṣe tiwa. Àmọ́ ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fi wákàtí kan wàásù nínú oòrùn. Kí wọ́n gbé akoto wá, kí àwọn ọmọ dé e, kí wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń de okùn rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n, torí akoto tí a ò dè, yóò fò lọ kí orí tó délẹ̀. Ẹ kọ 122 sí ara ògiri náà, nọ́ńbà tí a fi ń pè wọ́n nígbà jàǹbá nìyẹn.

Ọlọ́kadà_Sángo

Tíṣà, ẹ kú àlàyé. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí wọ́n ń torí ẹ̀ ṣèpàdé náà sọ̀rọ̀.

Ọdún kọkànlá mi rèé lórí máṣìnì. N ò ní purọ́, mo ti gbé mẹ́ta rí, mo ti gbé mẹ́rin rí, ọmọ JSS ni wọ́n, wọ́n kéré. Òfin ní ẹnì kan ṣoṣo ni kí n gbé, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ta ló ń sọ ọ́ ná? Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé ni. "Ẹ̀gbọ́n, àwa mẹ́ta, ẹ gba fọ́ họ́ńdírẹ̀dì." Tí n bá kọ̀, ẹni tó tò tẹ̀lé mi á gbé yín, á tún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Owó ẹni tó ni máṣìnì wà nílẹ̀, owó pẹtiróòlù wà nílẹ̀, àárọ̀ sì ni ọjà wa. Kì í ṣe àwáwí, mo kàn ń sọ bó ṣe rí.

Àbúrò, ẹ má jókòó sí asẹ́ńbìlì nìkan. Ẹ wá bá wa ní gáréèjì. Ẹ wá lẹ́yìn aago mẹ́wàá, ọwọ́ wa á ti dilẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ rí alága, ẹ kí i dáadáa. Ẹ má mú ọlọ́pàá wá, ẹ má mú Ródù Séfútì wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbogbo wa la máa sá. Ẹ kàn sọ ohun tó ṣe ọ̀rẹ́ yín. Àwa náà bímọ.

Nǹkan kan wà tí Tíṣà ò lè mọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá ọlọ́kadà sọ̀rọ̀ lórí eré, ẹ má pariwo sí i létí. Obìnrin kan ké "Jésù!" sí mi létí lọ́jọ́ kan, díẹ̀ ló kù kí n wọ gọ́tà. Ẹ fọwọ́ tọ́ ọ léjìká lẹ́ẹ̀mejì, jẹ́jẹ́, a ti mọ̀ pé ẹ ń pè wá nìyẹn. Báàgì yín, ẹ gbé e sáàárín ẹ̀yin àtẹni tó ń gùn ún, ẹ má gbé e sẹ́yìn. Báàgì tó kún fún ìwé, tí máṣìnì bá ṣí gbì, òun ló máa fà yín sẹ́yìn. Ohun tó ṣe ọ̀rẹ́ yín nìyẹn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra. Apá òsì ni kẹ́ ẹ máa gbà gùn ún, torí sàlẹ́ńsà wà lápá ọ̀tún, ó máa ń jó ẹsẹ̀ àwọn ọmọ.

Akoto kejì? Mo rà á. Ẹnì kan ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dirí. Ẹnì kan ní òun ò fẹ́ kó làpálàpá. Ẹnì kan wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní ṣé mo fẹ́ fi òun ṣoògùn owó ni. Ó wà nílé báyìí, ìyàwó mi ń fi í bo adìyẹ.

Bàbá_Ọ̀yọ́

Èyí tó fi akoto bo adìyẹ yìí rán mi létí January 2009, nígbà tí FRSC ní dandan ni kí gbogbo ọlọ́kadà àti èrò ẹ̀yìn wọn dé akoto. Àwọn kan fi igbá dórí, àwọn kan fi ike ọ̀dà, àwọn kan fi ìkòkò. Ọ̀rọ̀ oògùn yẹn náà ti wà nígbà náà, pé akoto máa ń sọ èèyàn dàwátì. Wọn ò bẹ̀rù kí orí fọ́, Ródù Séfútì ni wọ́n ń bẹ̀rù.

Èmi tí mo mọ àwọn Májà-májà, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láyé Wọlé Ṣóyínká, kí ti ìjọba àpapọ̀ tó dé ní 1988, mo lè sọ fún yín pé ojú lásán lẹ̀rù máa ń ṣiṣẹ́ fún. Ọmọbìnrin yìí, tìrẹ ò ní kòbókò nínú. Bóyá á ṣiṣẹ́.

Ìyá_Ìbejì

Ẹ má bínú sí mi, gbogbo yín lẹ sọ̀rọ̀ dáadáa, àmọ́ n ò tíì fara mọ́ ọn.

Ọmọ mi obìnrin, ọdún mẹ́rìnlá, gbọ́ irú ìpolongo yìí nílé ìwé tiwọn. Nígbà tó ń ti lẹ́sìn bọ̀ nírọ̀lẹ́, ó sọ fún dẹ́rẹ́bà kọ́rópe pé kó jọ̀ọ́ kó rọra. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, mo mọ ọmọ mi. Ọkùnrin yẹn dúró lójú ọ̀nà, ibi tí kò sí ilé, ó ní "Sọ̀kalẹ̀, lọ wọ mọ́tò bàbá ẹ." Àwọn àgbàlagbà kún inú ọkọ̀, ẹnikẹ́ni ò dá sí i. ₦100 ló kù lọ́wọ́ ọmọ mi. Ẹsẹ̀ ló fi rìn délé, ilẹ̀ ti ṣú.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó kọ́ ọmọ pé kó sọ̀rọ̀, ẹ bi í léèrè pé èló ló wà lápò ẹ̀. Ọmọ tí owó ọkọ̀ ẹ̀ ṣe rẹ́gí-rẹ́gí ò lè sọ pé òun ò wọ mọ́tò yìí. Ọmọ tó ní ₦130 ò lè kọ ọ̀kadà ẹlẹ́ni mẹ́ta, ìwọ̀nba tó lè san nìyẹn. Ẹ wá ń pè é ní ìwà àìbìkítà.

Láti ọjọ́ yẹn, ₦500 wà nínú math set ọmọ mi, ní ìsàlẹ̀, lábẹ́ kọ́ḿpáàsì. Kì í ṣe ti búrẹ́dì. Tí dẹ́rẹ́bà bá ń ṣe wèrè, "Ó wà o," ó sọ̀kalẹ̀ níbi tí èèyàn pọ̀ sí, ó wọ òmíràn. Kì í tiẹ̀ bá a sọ nǹkan kan mọ́. Tẹ́ ẹ bá ń wá ohun tẹ́ ẹ máa fi ₦18,500 ṣe, mo ti sọ tèmi.

Tíṣà_Ẹ̀gbá

Ìyá Ìbejì, ẹ ti mú mi níbi tó dùn mí. Ọdún mẹ́jọ la fi ń yí àwo bíi sítíárì, a ò bi ọmọ kankan rí pé èló ló kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ mi, bí ẹ bá máa ṣe é, ẹ yá wọn ni, ẹ má fún wọn. Kí owó náà sì wà lọ́wọ́ àgbàlagbà kan tó máa ń wà lẹ́nu géètì títí di ìgbà tí gbogbo ọmọ á lọ. Kì í ṣe ọ́fíìsì bọ́sà, bọ́sà máa ń tilẹ̀kùn.

Adékẹ́_Houston

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ti ọ̀dọ̀ wa níbí l'Amẹ́ríkà yàtọ̀ díẹ̀, torí àwọn ọmọ fúnra wọn ló ń wakọ̀. Ọmọ ọdún 16 á gba láísẹ́ńsì, á sì fẹ́ kó gbogbo ọ̀rẹ́ ẹ̀ sínú ọkọ̀.

Ọ̀rẹ́ yẹn gan-an ni wàhálà. AAA Foundation, àjọ kan tó ń ṣèwádìí ààbò ojú pópó níbí, gbé ìwádìí kan jáde ní 2012 lórí àwọn awakọ̀ ọmọ ọdún 16 àti 17. Tí wọ́n bá gbé ẹnì kan tí kò tíì pé ọdún 21, tí kò sí àgbàlagbà nínú ọkọ̀, ewu kí awakọ̀ náà kú fi ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ìgbà tó bá dá nìkan wà á. Tí wọ́n bá di méjì, ó di ìlọ́po méjì. Mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí òfin Texas fi ní láàárín oṣù méjìlá àkọ́kọ́, ẹnì kan ṣoṣo tí kò tíì pé 21 tí kì í ṣe ẹbí ni ọmọ lè gbé, kò sì gbọ́dọ̀ wakọ̀ láàárín aago méjìlá òru sí márùn-ún ìdájí.

Nílé ìwé ọmọ mi, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣe ìpolongo, Texas yìí náà ni ètò Teens in the Driver Seat ti bẹ̀rẹ̀, ní San Angelo, ní 2002. Ohun tí Tíṣà sọ nípa kíkà, wọ́n ń ṣe é níbí, láàárọ̀ ọjọ́ tí wọn ò kéde. Ọmọ tó de bẹ́líìtì, wọ́n á fún un ní súwìtì kan tí wọ́n ń pè ní Smarties, ìyẹn ọlọ́gbọ́n. Ẹni tí kò dè é, wọ́n á fún un ní súwìtì Dum Dums, ìyẹn òmùgọ̀. Ọmọ mi ní Dum Dums dùn ju èkejì lọ, nítorí náà èmi ò mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́.

Èmi àti ọmọ mi ní àdéhùn kan tó dà bíi ti Ìyá Ìbejì. Tó bá wà nínú ọkọ̀ ọ̀rẹ́ tí kò fẹ́ràn bó ṣe ń wà á, lẹ́tà X ló máa tẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Màá pè é, màá pariwo, màá ní kó sọ ibi tó wà, pé mò ń bọ̀ wá mú un kíákíá. Èmi ni ìyá burúkú, ojú ò tì í lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti lò ó. N ò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọmọ_Mọ́níyà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé, mo ní kí n wá jábọ̀.

A ò tẹ T-shirt. A fi ₦2,000 ra ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ àti ọ̀dà dúdú fún ògiri, a kó ₦16,500 tó kù fún ìyá tó ń ta búrẹ́dì àti ẹ̀wà lẹ́nu géètì. Ó ní ìwé ẹ̀ tó fi ń kọ gbèsè àwọn tíṣà, ẹ̀yìn ẹ̀ ló ń kọ tiwa sí. Ọmọ tí owó ẹ̀ ò tó láti dá gun ọ̀kadà á yá ₦100, á dá a padà lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Àwọn kan ò dá a padà. Ó kù ₦11,300, Mama ní òun ti mọ ojú àwọn tó jẹ wá.

Ti akoto, kò yí padà, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ti ẹlẹ́ni mẹ́ta ló ń dín kù, àmọ́ ọjọ́ Jímọ̀ ló tún máa ń pọ̀, torí owó ti tán lọ́wọ́ gbogbo ayé. Ọmọkùnrin tó juwọ́ sí mi, òun ló ń ṣe dẹ́rẹ́bà nínú eré wa báyìí. Ó ń sín dẹ́rẹ́bà jẹ débi pé ó ń jágbe mọ́ àwọn èrò ẹ̀yìn. Ó bú mi nígbà tí mo ní kó rọra, ó ní "Ṣé ìwọ lo kọ́ mi ní mọ́tò?" Mo gbàgbé ohun tó yẹ kí n sọ.

Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́kadà_Sángo, a lọ sí gáréèjì, aago mẹ́wàá ààbọ̀, VP bá wa lọ. Alága ò jẹ́ ká sọ̀rọ̀ tán. Ó bi wá pé apá ọmọ náà ńkọ́. A sọ fún un. Ó yíjú sí àwọn ènìyàn ẹ̀, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní láti géètì wa, méjì ni, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Méjì náà lòdì sófin, mo mọ̀, VP náà mọ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ti padà sílé ìwé. Apá ẹ̀ ò tíì nà tán. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, òjò ń rọ̀, àwa méjèèjì wọ Micra kan láti Òjóò, a jókòó sẹ́yìn. Dẹ́rẹ́bà ń fi ọwọ́ kan tẹ fóònù, ó ń wo ohun tó ń rẹ́rìn-ín sí. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n…" Ohùn mi tín-ín-rín, orin ń dún, kò gbọ́. Mo tún un sọ. Kò gbọ́. Ọ̀rẹ́ mi bá fi apá tó dáa tọ́ ọ léjìká lẹ́ẹ̀mejì, jẹ́jẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èébì ń gbé mi."

Ó dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Fóònù bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó sáré sọ̀kalẹ̀ nínú òjò, ó wá ṣílẹ̀kùn fún un fúnra ẹ̀, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ rọra, ẹ má jẹ́ kó kan ìjókòó." Kò sí bí ọ̀rẹ́ mi ṣe fẹ́ ṣe é mọ́, ó sọ̀kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ó ń wú ikọ́. Èmi di ẹnu mi mú. Ọkùnrin yẹn ra píọ́ wọ́tà fún un, ó sì rọra wakọ̀ títí tí a fi délé, ó ń wò ó nínú díńgí.

Ó ku ìṣòro kan. VP ní ká pa gbólóhùn èébì yẹn rẹ́ lára ògiri kí àwọn inspẹ́kítọ̀ tó dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Tíṣà, tàbí ẹnikẹ́ni, ta ló mọ òmíràn tó máa ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀?